Ta Ni a Ó Dá Lẹ́bi Nígbà Tí Kúlọ́ọ̀ṣì Kò Bá Tú Sílẹ̀?

Bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, ìbéèrè méjì ni ó sábà máa ń yọjú pọ̀: èkíní ni ohun tí ó ṣe é, èkejì ni ẹni tí ó ṣe é. Àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ti jiyàn títí lórí bóyá ọ̀kan náà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ikú àti àìsàn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn àwọn ọ̀ràn tí omijé kì í jẹ́ kí ojú ríran dáadáa. Ó sàn kí a gbé ìbéèrè náà ka orí irin, tí ẹnikẹ́ni kò ní sunkún nítorí rẹ̀. Kúlọ́ọ̀ṣì katakata àtijọ́, ìyẹn tírákítọ̀ oko, tí kò jọ̀wọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́ dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé inú lọ́hùn-ún ni àrùn rẹ̀ ń gbé, níbi tí ojú kò tó, ibi tí ojú kò bá sì tó ni ẹnu máa ń gbòòrò sí.

Láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà ni kúlọ́ọ̀ṣì wà. Pléètì kan tí a lẹ ohun líle mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì ni ó há sí àárín fáláwíìlì, ìyẹn àgbá irin wúwo tí ẹ́ńjìnnì ń yí, àti irin pẹlẹbẹ mìíràn tí sípíríǹgì ń tì mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dà, irin ẹ̀yìn yẹn á fà sẹ́yìn, pléètì á dá wà gédégbé, agbára ẹ́ńjìnnì kò sì ní dé ọ̀dọ̀ jíà títí ẹsẹ̀ yóò fi kúrò níbẹ̀. Bí pẹ́dà bá wá kanlẹ̀ tí pléètì ṣì ń bá fáláwíìlì yí, jíà á máa ké rákáráká bí a bá fẹ́ ki í bọ̀ ọ́, katakata á sì máa fẹ́ rìn nígbà tí a ní kí ó dúró. Kúlọ́ọ̀ṣì tí ń yọ̀ ni òdìkejì èyí: ìyẹn kò lè dì í mú, èyí kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Lára katakata Massey Ferguson 135, tí ó jáde ní nǹkan bí 1964, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kúlọ́ọ̀ṣì méjì lábẹ́ pẹ́dà kan ṣoṣo: bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, agbára á kúrò lára táyà, bí a bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, á kúrò lára ọ̀pá ẹ̀yìn tí ń yí ẹ̀rọ oko pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú gbé irú katakata bẹ́ẹ̀ lọ sí Agbabu. Ọ̀dà ilẹ̀ (bitumen) ni ó sọ Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo tí Ọ̀rẹ̀ jẹ́ olú ìlú rẹ̀, di ìlú tí ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀dà náà ni ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ń wá kiri agbègbè náà láti 1908 títí ogun àgbáyé fi dé ní 1914, ó sì ṣì wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ títí di òní. Ọ̀dà a máa lẹ̀ mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú un, á rọ̀. Ìpata kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ igbó yìí, níbi tí òjò ti ń rọ̀ jálẹ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, katakata tí a gbé sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan lábẹ́ páànù tí ń jò kò nílò ọ̀tá kankan. Ọ̀rinrin á wọ inú ilé kúlọ́ọ̀ṣì, ìpata á so pléètì mọ́ fáláwíìlì pinpin, ọjọ́ tí wọ́n bá sì fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ni àṣírí á tú.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni ìbéèrè kejì máa ń gba iwájú lọ́wọ́ èkíní. Olóko mọ̀ pé katakata òun ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí òun gbé e sílẹ̀. Ó sì mọ̀ pé láàárín àkókò náà, òun àti ẹnì kan ti jà nítorí ààlà ilẹ̀, onítọ̀hún sì ti sọ̀rọ̀ tí kò dùn ún gbọ́. Òwe tí yóò bọ́ sí i lẹ́nu kò jìnnà: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí a bá tú òwe yìí wò, ohun méjì tí a rí ni ó wà nínú rẹ̀, igbe àti ikú. Ohun kẹta tí ó so wọ́n pọ̀ kò sí ẹni tí ó rí i, ìdí nìyẹn tí òwe náà fi parí sí ìbéèrè tí ń dójú ti ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, irin sì jẹ́ ẹlẹ́jọ́ tí a kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀ rárá.

Evans-Pritchard, onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ará Ìlú Ọba, kọ ìwé kan jáde ní 1937 lórí àwọn Azande tí ń gbé ní ibi tí ó jẹ́ gúúsù Sudan nígbà náà, àpẹẹrẹ àká ọkà inú ìwé náà sì ti di ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ yìí mọ̀. Ìkán jẹ òpó àká, àká wó lu àwọn tí ó jókòó sí òjìji rẹ̀. Àwọn Azande mọ̀ pé ìkán ni ó jẹ òpó, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ìdí tí ó fi jẹ́ ìgbà tí àwọn wọ̀nyí wà níbẹ̀ ni ó wó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sodipo pẹ̀lú, nínú ìwé àtìgbàdégbà Second Order tí wọ́n ń ṣe ní Ifẹ̀, yẹ ọ̀ràn ohun tí ń fa nǹkan àti ohun tí ó kàn ṣèèṣì wò nínú ìrònú Yorùbá ní 1973. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń fi àká ọkà yẹn gbe ẹni tí ó bá ń wá ọ̀tá kiri lẹ́yìn, bí ẹni pé ìbéèrè kejì kò ní ohun tí ó yẹ kí ó ṣíwájú rẹ̀. Wọ́n ń gbàgbé ìkán. Ará Azande ti rí òpó tí a jẹ kí ó tó bèèrè ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀. Olóko tí ó sáré lọ bèèrè lọ́wọ́ babaláwo tàbí wòlíì kí ẹnikẹ́ni tó yẹ abẹ́ katakata wò kò ní ìkán kankan lọ́wọ́, ìbéèrè tí kò sì ní èkíní kò lè jẹ́ èkejì.

Bí a ṣe ń gbọ́ tẹnu irin ní ètò tirẹ̀, àti láti ìta wọ inú ni. Ohun àkọ́kọ́ ni àyè tí pẹ́dà máa ń rìn lófìfo kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti nǹkan. Bí àyè yìí bá ti pọ̀ jù, pẹ́dà á kanlẹ̀ kí pléètì tó bọ́ tán, ọ̀ràn tí sípánà lè yanjú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀pá àti píìnì tí ó so pẹ́dà mọ́ kúlọ́ọ̀ṣì, tí ihò wọn ti lè jẹ tàbí kí wọ́n ti tẹ̀. Bí ìwọ̀nyí bá dára, a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ la katakata sí méjì, ẹ́ńjìnnì lápá kan, jíà lápá kan, pẹ̀lú igi àti jáàkì tí ó gbé méjèèjì dúró ṣinṣin. Ibẹ̀ ni ó ti máa ń yani lẹ́nu. Ó lè jẹ́ pé pléètì ti wọ́. Ó lè jẹ́ pé ìpata ti jẹ eyín ọ̀pá tí ó yẹ kí pléètì máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀ lórí rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé pléètì kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan, bíárìn kékeré tí ó wà ní àárín gbùngbùn fáláwíìlì ni girísì ti gbẹ nínú rẹ̀, tí ó dì, tí ó sì ń yí ọ̀pá jíà mọ́ ara rẹ̀ bí pléètì tilẹ̀ bọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó pààrọ̀ pléètì kẹ́yìn ni ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, iwájú di ẹ̀yìn. A rí ọwọ́ ènìyàn nínú èyí ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí olóko fúnra rẹ̀ sanwó fún ni.

Kì í ṣe owó àtúnṣe nìkan ni ó mú kí ètò yìí ṣe pàtàkì; orúkọ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn lè dé iwájú òrìṣà. Láàárín àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, ní ìhà gúúsù Agbabu, Ayélála ni òrìṣà tí a ń bẹ̀rù jù nínú ọ̀ràn ìdájọ́, òun ni ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá sọnù ń ké sí. Ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Awolalu tí ó jẹ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní Ìbàdàn ti kọ ọ́, sọ pé ẹrúbìnrin kan ni wọ́n fi rúbọ nígbà tí àwọn Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ ń parí ìjà, ní ipò ọkùnrin tí ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fa ìjà náà. Ẹni tí a ń ké sí láti mú ẹlẹ́ṣẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ó ṣòro láti ro ìyẹn dáadáa kí a má ṣọ́ra nípa orúkọ tí a óò gbé síwájú rẹ̀. Ti Ògún, òrìṣà irin, kò yàtọ̀. Ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, irin ni ẹlẹ́sìn àbáláyé ń búra lé pé òtítọ́ ni òun yóò sọ, tí ó túmọ̀ sí pé irin jẹ́ ẹlẹ́rìí ṣáájú ohunkóhun mìíràn, ẹni tí ó bá sì fi katakata tí a kò tíì là fẹ̀sùn kan aládùúgbò rẹ̀ ti jẹ́rìí èké ní ojú Ògún, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ó pa ajá fún un lọ́dọọdún. Òfin Mósè tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń kà ka ẹ̀rí èké sí aládùúgbò léèwọ̀, Kùránì sì kìlọ̀ fún mùsùlùmí pé apá kan nínú ìfura jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí a gbàdúrà lé katakata lórí, kí a tilẹ̀ fi òróró sí i, bí òróró náà kò bá ti kán sí ojú pléètì.

Èyí kò sọ pé ìbéèrè kejì kò ní láárí. Bí a bá ti rí bíárìn tí ó dì tán, olóko ṣì lè bèèrè ìdí tí ó fi jẹ́ ọdún yìí, nígbà tí iṣẹ́ oko wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ó sì bá orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lé e. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ni kí ó dárúkọ ènìyàn kan nígbà tí bólíìtì ilé kúlọ́ọ̀ṣì ṣì wà ní dídè. Ní ti ìpata, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbé katakata sílẹ̀ di ẹ̀yìn òjò fi igi há pẹ́dà mọ́lẹ̀ kí ó tó lọ. Pléètì kò ní rí fáláwíìlì fara mọ́.