Ẹrù Ẹlẹ́rù Lọ́wọ́ Awakọ̀

Àwọn baba wa ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀sọ̀ tí wọ́n ń wí yìí yàtọ̀ sí ìlọ́ra. Ọgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun lè fọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lójú iṣẹ́, kó lọ sí Gamkalley ní ìlú Niamey, kó wo àwọn awakọ̀ tírélà. Etí odò Ọya ni Gamkalley wà. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn abúlé àtijọ́ tí Niamey dàgbà dé ọ̀dọ̀ wọn, tó sì gbà wọ́n mọ́ra. Lónìí, ilé iṣẹ́ ti gba ilẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ ẹrù kò sì wọ́n lójú títì rẹ̀.

Niger kò ní òkun. Púpọ̀ nínú ìrẹsì tí wọ́n ń sè níbẹ̀, nínú ṣúgà, nínú ẹ̀rọ àti oògùn, ẹ̀yìn tírélà ló gbà wọlé láti èbúté ìlú ẹlòmíràn. Láti ọdún 1936 ni ojú irin ti kúrò ní Kútọnu, ní ilẹ̀ Benin, dé Pàràkú, tó sì dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Niamey lọ sí Dosso, nǹkan bí 140 kìlómítà, ṣùgbọ́n àárín Dosso àti Pàràkú ṣófo dòní. Èjìká awakọ̀ ni àlàfo náà wà. Nítorí náà, nígbà tí awakọ̀ bá ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kí òun ṣì máa wakọ̀ tàbí kí òun wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń dáná àti ẹni tó ń kọ́lé. Ohun tí mo yìn nínú àwọn tó mọṣẹ́ jù lára wọn ni pé, bí ìrònú àtilọ tilẹ̀ wà lọ́kàn wọn, wọn kì í jẹ́ kó kan ẹrù tó wà lẹ́yìn wọn.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí kò fi aṣọ tuntun ṣẹ̀sín. Ẹni tó lówó lè ra tírélà lónìí kó gbé e jáde lọ́la. Àkísà ni kò ṣeé rà. Ẹ wo awakọ̀ àgbà bó ṣe ń múra ọ̀nà. Yóò mú irin lọ́wọ́, yóò máa lu táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa tẹ́tí. Táyà tó kún ní ohùn tirẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ ń yọ́ kúrò nínú rẹ̀ ní tirẹ̀. Yóò fa okùn tápólì wò, ìdè kan tẹ̀lé èkejì, nítorí ó mọ̀ pé ẹrù tó bá mì díẹ̀ níbí lè ṣí nípò tó bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Yóò wá ka ìwé ẹrù ní ewé-ewé, yóò dì í sínú ọ̀rá kí òjò má baà nà án. Mọ́tò bọ́ì ń wò ó. Gbogbo èyí ni àkísà: òru tí táyà bẹ́ nínú igbó, ibodè tí ó ti sùn, etí ọ̀nà tó mọ̀ pé ó máa ń wó bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀.

Ó yẹ kí á mọ̀ pé orílẹ̀-èdè ńlá pàápàá ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tìrora-tìrora. Ní ọdún 2021, ọ̀pọ̀ awakọ̀ tírélà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, àwọn mìíràn ti padà sí orílẹ̀-èdè wọn. Epo wà, owó wà, ṣùgbọ́n ilé epo gbẹ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìjọba kó àwọn ọmọ ogun síta láti bá wọn wa ọkọ̀ agbépo. Aṣọ kò tán níbẹ̀, àkísà ló ṣọ̀wọ́n.

Àwọn àgbà tún ní, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún kì í fọ́ ojú ọlọgbọ́n. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Niamey. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fi kéde ìjìyà, tí ibodè sì tì. Ní Malanville, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí odò Ọya ti ya orílẹ̀-èdè méjèèjì, tírélà tò sójú ọ̀nà ní ìlà tó gùn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Owó ọ̀nà tán lápò awakọ̀. Ẹrù tó lè bàjẹ́ ń bàjẹ́. Àwọn awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Odò wà níwájú wọn, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó èrò sọdá. Ẹni tó bá fẹ́ sá lọ sílé lè sá. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn jókòó ti ẹrù. Wọ́n sunkún, wọ́n ráhùn sí etí àwọn oníròyìn, ojú wọn sì wà lára okùn àti tápólì. Ẹrù náà kì í ṣe tiwọn, èyí gan-an ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kí á má fi ìyìn pa ènìyàn. Ẹni tó bá fi ojú àná wòkú, ẹbọra a bọ́ ọ láṣọ. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé ohun tí a mọ̀ lè yí padà lójú wa, ẹni tí kò bá sì tún un wò yóò jìyà. Ọ̀nà àná kọ́ ni ọ̀nà òní. Nígbà tí ECOWAS gbé púpọ̀ nínú ìjìyà náà kúrò ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024, Niger kò ṣí ẹnu ibodè tirẹ̀ ní Gaya, ní òdìkejì Malanville. Ẹrù tó ti máa ń gba Kútọnu yà sí Lómé, ní ilẹ̀ Togo: nǹkan bí 1,000 kìlómítà dé Ouagadougou, nǹkan bí 500 mìíràn dé Niamey. Ilẹ̀ tí àwọn agbébọn ń ṣọṣẹ́ ni apá kan ọ̀nà náà gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí àwọn ológun fi ń sin ọkọ̀ lọ́wọ̀ọ́-lọ́wọ̀ọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, awakọ̀ mẹ́rin ọmọ ilẹ̀ Mòrókò di àwátì láàárín Burkina Faso àti Niger kí wọ́n tó rí wọn gbà padà. Ní Mali, lọ́dún kan náà, àwọn agbébọn dáná sun ọkọ̀ agbépo pẹ̀lú epo inú rẹ̀.

Nítorí náà, bí awakọ̀ kan bá sọ pé òun kò lọ mọ́, ẹ má pè é ní ojo. Bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Àwọn kan ń ka òwe yìí sí ọ̀rọ̀ anìkànjọpọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iná jó tán kò ní ọwọ́ tí yóò fi gbọ̀n ti ọmọ rẹ̀. Bàbá tó fi ọ̀nà jíjìn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ má baà di aláìníbaba ti ṣe ojúṣe. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Niamey ní bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní faba-faba, ó ní takisí, ó ní ilé iṣẹ́ tí ń wá awakọ̀ tí yóò máa sùn sílé. Ìrẹsì àti ewébẹ̀ wà létí odò fún ẹni tó bá lè roko. Ẹni tó yà sí ọ̀kan nínú wọn ṣì ń lọ sọ́jà.

Kìkì pé kó wọ̀n ọ́n dáadáa. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ìbínú máa ń mú apá le, kì í mú ojú tẹ́jú. Awakọ̀ tó bá fi ìbínú ọjọ́ kan ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lè bá ìyà kan náà pàdé lábẹ́ ọ̀gá mìíràn. Bákan náà ni ẹni tí owó ìrìn kan tàn jẹ. Ní èbúté, àdéhùn pín ẹrù tó ń lọ sí Niger: ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ ti ọkọ̀ Niger, ìdá kan jẹ́ ti ọkọ̀ orílẹ̀-èdè tó ni èbúté. Ọkọ̀ a sì tò, olúkúlùkù a máa dúró de ìgbà tirẹ̀. Ẹni tó bá ka owó ìrìn, tí kò ka ọjọ́ ìdúró, oúnjẹ ojú ọ̀nà, owó tó ń bọ́ ní ibodè àti àìsí nílé, kò tíì ka nǹkan. Kó jókòó ti aya rẹ̀, kó ka méjèèjì papọ̀, kó bi àwọn tó ti lọ ṣáájú rẹ̀.

Bó bá wá pinnu pé òun yóò lọ, ibẹ̀ ni a ó ti mọ irú awakọ̀ tó jẹ́. Ẹni tó mọ ìṣe òkùnkùn, kó má dá òṣùpá lóró. Òṣùpá ni ẹni tó ti là fún wa rí, tí a ṣì lè nílò lọ́jọ́ mìíràn. Kí awakọ̀ já ẹrù rẹ̀, kó gba ìwé pé ó pé. Kó sọ àbùkù ọkọ̀ fún ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: bíréèkì tó ti ń rọ̀, jíà tó máa ń há. Ẹni tó bá fi àbùkù pamọ́ láti jẹ ọ̀gá níyà, ẹ̀mí awakọ̀ bíi tirẹ̀ ló fi tọrẹ.

Mọ́tò bọ́ì náà ńkọ́? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó jẹun tí kò rántí ọmọ tó ń dúró yóò pe ọmọ, ọmọ kò ní dáhùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti fọ ọkọ̀, tó ti pààrọ̀ táyà lóòrùn, tí wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan sítíárìn. Bí àgbà bá ń lọ, kó fi àkísà rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Kó kọ́ ọ bí a ti ń gbọ́ ohùn táyà, bí a ti ń ka ìwé ẹrù, bí a ti ń sọ fún ọ̀gá pé rárá, ọkọ̀ yìí kò ṣeé gbé lọ.

Ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a kì í wakọ̀. Ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Ẹni tó ń bá a gbé e ń ràn án lọ́wọ́ ni, kò yẹ kó jẹ́ òun ni yóò ru ìdí ẹrù. Láti ọdún 2005 ni UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà ní apá ọ̀dọ̀ wa, ti ṣòfin lórí ìwọ̀n tí ọkọ̀ gbọdọ̀ gbé. Síbẹ̀ ẹ̀ ń rí tírélà tí ẹrù rẹ̀ ga ju ilé lọ. Ta ló di ẹrù yẹn? A mọ̀ ọ́n. Nígbà mìíràn, àwa ni. Ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Niamey, tí ọjà rẹ̀ ń gba ọ̀nà yìí bọ̀, ẹlẹ́rù ni. Ọlọ́kọ̀ náà, ẹlẹ́rù ni. Kí wọ́n gbé ibi tó wúwo. Kí wọ́n di ẹrù níwọ̀n, kí wọ́n ra táyà kí ti àtijọ́ tó bẹ́, kí wọ́n má sọ fún awakọ̀ pé kó yọ kúrò nínú ọ̀wọ́ tí àwọn ológun ń sìn nítorí pé ọjà ń yá. Bí ibodè bá tún tì, kí wọ́n fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí i kó tó pè wọ́n. Bó bá sì dé láyọ̀, kí wọ́n san owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó já ẹrù, kí wọ́n tó ka èrè tiwọn.