Má Ṣe Ta Ohun Tí Kò Sí Lọ́wọ́ Rẹ

Kútúbà Kìn-ín-ní

Ọpẹ́ àti ẹyìn ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí Ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí Ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo sọ ọ́ fún ara mi ná kí n tó sọ ọ́ fún yín: ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun nínú ohun tí à ń jẹ àti ọ̀nà tí à ń gbà rí i.

Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ wa ń bi wá léèrè: ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí ra ìpín ìdókòwò nínú ilé iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ọkọ̀? Ẹni tí ó ra ìpín ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ náà. Èrè kàn án, àdánù náà sì kàn án. Ọkọ̀ ṣíṣe jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí a máa yá oníbàárà lówó èlé. Nítorí náà, kí olúkúlùkù bi onímọ̀ léèrè kí ó tó fi owó sílẹ̀.

Èyí tí ó burú ni títa ohun tí a kò ní. Hakim ọmọ Hizam bi Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa ẹni tí ó wá ra ọjà tí kò sí lọ́wọ́ òun, tí òun ìbá tà fún un kí òun tó lọ rà á lọ́jà. Ànábì kọ̀ ọ́ fún un.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 2008. Àwọn oníṣòwò kan gbà pé iye owó ìpín Volkswagen yóò wálẹ̀. Wọ́n yá ìpín onípìn-ín, wọ́n tà á, wọ́n ń retí àti rà á padà ní ọ̀pọ̀, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n sì jẹ èrè tí ó bá kù. Ní ọjọ́ Àlàádì, 26 oṣù kẹwàá, ilé iṣẹ́ Porsche kéde pé ìdá 42.6 nínú 100 ìpín náà wà lọ́wọ́ òun, òun sì ti ṣe àdéhùn lórí 31.5 mìíràn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Lower Saxony ní bí 20. Èyí tí ó kù lọ́jà kò tó 6, ohun tí wọ́n ti yá tà sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpín tí ó wà ní nǹkan bí 210 yúrò ní ọjọ́ Jímọ̀ lé ní 1,000 yúrò ní ọjọ́ Àtàláátà. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ìpín kò lè yọwó mọ́. Iye tí wọ́n bá pè ni yóò san. Ní ọjọ́ kejì, iye náà já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì, ẹni tí ojúkòkòrò mú rà á lókè náà sì fi omijé mọ̀ ọ́n. Porsche pàápàá kò yọ: ní 2009, gbèsè tí ó lé ní bílíọ̀nù 9 yúrò wà lọ́rùn rẹ̀; ní 2012, Volkswagen tí ó fẹ́ gbà ni ó gba iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ tán.

Má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó Yúróòpù ni. Fóònù tí ó wà nínú àpò rẹ lè mú ọ ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, kí o fi owó àyálò ta ohun tí ojú rẹ kò rí. Àwọn kan ti fi owó ilé ìwé ọmọ sí i. Àwọn kan ti fi owó àjọ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wọn sí i. Àdánù owó nìkan kọ́ nìyẹn, àmáánà ni wọ́n fọ́.

Kútúbà Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ẹni tí yóò bá ra ìpín, kí ó fi owó ara rẹ̀ rà á, kí ó mọ ohun tí ó rà, kí ó má tà á títí yóò fi di tirẹ̀. Bí ó bá ń fi ṣòwò, tí ó pé ọdún tí ó sì tó òṣùwọ̀n, kí ó yọ sàká rẹ̀, ìdá kan nínú 40. Ẹni tí ó ti fọwọ́ kan owó olówó, kí ó lọ sọ fún onítọ̀hún lónìí, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀, kí ó sì tọrọ àforíjìn. Ìtìjú ayé fúyẹ́ ju ìbéèrè Ọjọ́ Ìgbẹ̀yìn lọ, níbi tí a ó ti bi wá bí a ṣe rí owó àti ibi tí a ná an sí.

Ìwọ Ọlọ́hun, fi ẹ̀tọ́ Rẹ rọ̀ wá lọ́rọ̀ kúrò nínú èèwọ̀ Rẹ. San gbèsè àwọn onígbèsè wa, kí O sì fi ìbùkún sí díẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.

Ẹ gbé ìrun dúró.