Ìkìlọ̀ Tí A Tú Lára Ọkọ̀ Mìíràn

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò Yorùbá ti ń fà láàárín ara wọn tipẹ́, tí kò sì tíì tán nílẹ̀: bí ìkìlọ̀ bá ti kúrò níbi tí ó ti ṣẹ̀ wá, tí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ti kú, tí ìdí rẹ̀ sì ti fara sin, ǹjẹ́ ó ṣì ní agbára lórí ẹni tí a fi í lé lọ́wọ́? Èèwọ̀, ìyẹn ohun tí ìdílé, ìlú tàbí òrìṣà kan kọ̀ fún àwọn tirẹ̀ láti ṣe, ni a sábà máa ń fi yẹ ìbéèrè yìí wò. Síbẹ̀, iṣẹ́ kékeré kan wà tí ó bá ọwọ́ àwọn riwáyà mu, bí a ti ń pe àwọn tó ń tún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe ní irú ibi bí abúlé mẹkáníìkì Kugbo, lójú ọ̀nà tó gba Àbújá lọ sí Keffi, tí ó lè là á yé ni ju ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lọ.

Iṣẹ́ náà ni pé kí a tú agogo ìkìlọ̀ kúrò lára ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí a sì so ó mọ́ ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní irú rẹ̀, bíi Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975. Inú àpótí kékeré kan tí a ń pè ní rílèè ni agogo náà sábà máa ń wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fi iná díẹ̀ ṣí ọ̀nà fún iná tó pọ̀ jù ú lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dún bí awakọ̀ bá ṣílẹ̀kùn láti sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí iná iwájú ọkọ̀ ṣì ń tàn, kí bátìrì má baà kú mọ́jú. Apá kan rẹ̀ ni a ó so mọ́ wáyà iná iwájú, tí fóltì 12 máa ń gbà kọjá bí awakọ̀ bá tan iná. Apá kejì ni a ó so mọ́ wáyà bọ́tìnnì tó wà lára òpó ilẹ̀kùn, èyí tó máa ń kan irin ara ọkọ̀ bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Iná tí a tàn nìkan kò lè mú un dún, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí a ṣí nìkan kò lè mú un dún, àfi kí méjèèjì pàdé. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kan náà ló ń tan gílóòbù inú ọkọ̀, nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì tí iná iwájú sì wà ní pípa, iná lè gba ara gílóòbù yìí wọ inú agogo láti ẹ̀yìn, kí agogo sì máa kùn láìsí ẹni tó ṣẹ̀. Riwáyà tó mọṣẹ́ yóò fi dáyóòdù, ohun pínńpín tí kì í jẹ́ kí iná padà gba ọ̀nà tó gbà wá, dí ibẹ̀.

Ohùn agogo náà kò yí padà láti ara ọkọ̀ tó ti kú dé ara èyí tó ṣì ń rìn, ṣùgbọ́n wáyà tí a so mọ́ ọn nìkan ló ń fún un ní ohun tí yóò sọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni èèwọ̀ rí. A lè fi èèwọ̀ ilẹ̀ gbígbá lóru ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí àwọn àgbà máa ń sọ pé ó ń gbá ọrọ̀ ilé jáde. Àlàyé tí a sábà máa ń ṣe lórí rẹ̀ ni pé nígbà tí fìtílà elépo nìkan ló wà, owó tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó bá já bọ́ lè bá pàǹtí lọ láìjẹ́ pé ẹni tó ń gbálẹ̀ rí i. Ẹni tó gbé èèwọ̀ yìí láti Ìkirè wá sí yàrá kan ní Kugbo, tó sì ń bú ọmọ tó gbálẹ̀ lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù tó mọ́lẹ̀ rekete, ti gbé agogo wá láìso wáyà òkùnkùn mọ́ ọn. (Bí iná ìjọba bá lọ, bí ó ti máa ń lọ, àwọn àgbà tún jàre.) Ẹni tó sì pè é ní ìgbàgbọ́ asán, tó kó o dànù, ti sọ agogo tó dára nù nítorí wáyà tó já.

Bọ́lájí Ìdòwú, onímọ̀ ẹ̀sìn, nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè: God in Yoruba Belief tó jáde ní ọdún 1962, fi ìpìlẹ̀ ìwà rere sọ́dọ̀ Olódùmarè, ó sì tọ́ka sí ifá àyà, ìyẹn ohùn inú tí Olódùmarè fi sínú ènìyàn láti máa tọ́ ọ sọ́nà. Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, nínú ìwé tirẹ̀ ti ọdún 1991, kò gbà pé ẹ̀sìn ni ìpìlẹ̀ náà. Ire ọmọ ènìyàn àti ti àwùjọ ni ó rí gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Lórí ọ̀rọ̀ wáyà, ìyẹn ìdí tó wà lẹ́yìn èèwọ̀, Gbádégẹṣin ló jàre. Ohun tí àlàyé rẹ̀ kò bò tán ni pé agogo gbọ́dọ̀ dún kí awakọ̀ tó ronú, nítorí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ti ń ro ibi tó ń lọ, kò ro bátìrì mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí a bá yẹ ìdí èèwọ̀ wò tán ni yóò tó dún létí, ọrọ̀ ilé á ti bá pàǹtí lọ. Ìdòwú kò ṣì í nígbà tí ó fi ohùn yìí sí àyà dípò ọpọlọ.

Ìkìlọ̀ kì í sì í ṣe ipá. Ní Amẹ́ríkà, òfin mú kí ọkọ̀ tuntun ti ọdún 1974 kọ̀ láti ṣíná àfi bí àwọn tó wà níwájú bá de bẹ́líìtì. Inú bí àwọn ará ìlú débi pé ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ilé aṣòfin wọn fagi lé e, wọ́n sì ní kí ohùn ìkìlọ̀ tí òfin bá pa láṣẹ má kọjá ìṣẹ́jú àáyá 8. Súrà 88 nínú Al-Kùránì fi yé Ànábì pé olùránnilétí ni í ṣe, kì í ṣe afipámúni. Babaláwo pẹ̀lú a máa sọ ẹbọ, kì í rú u fún ẹni tó bá kọ̀. Ìwé Ìsíkíẹ́lì, orí 33, pín ẹ̀bi láàárín olùṣọ́ àti ará ìlú: bí olùṣọ́ bá fọn fèrè tí a kò kà á sí, ẹ̀jẹ̀ olúwarẹ̀ wà lórí ara rẹ̀, bí kò bá fọn ọ́n, a ó béèrè ẹ̀jẹ̀ náà lọ́wọ́ olùṣọ́. Ọ̀nà kẹta wà tí orí yẹn kò yà sí, ìyẹn ti olùṣọ́ tó ń fọn fèrè lójoojúmọ́ nígbà tí idà kankan kò bọ̀. Ibẹ̀ ni riwáyà tó fo dáyóòdù dúró sí, ibẹ̀ náà sì ni alàgbà tó ń bú ọmọ lábẹ́ iná dúró sí. Awakọ̀ tí agogo ti kùn sí létí láìnídìí yóò fa wáyà náà yọ níjọ́ kan, kò sì ní so ó padà. Bí bátìrì rẹ̀ bá wá kú lóru, ó ṣòro láti sọ pé òun nìkan ló jẹ̀bi.