Ọmọ Emùré-Ilé ní Bọ́mà: Ohun tí Ògúndá Méjì Sọ Nípa Ẹni tí Ogun Kò Pa

Bí jagunjagun bá lọ tó sì bọ̀, tó wá dàgbà tó dogbó láàárín wa, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni pé Orí rẹ̀ ló yọ ọ́. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fa ìbéèrè kan lọ́wọ́ tí a kì í sábà dúró dáhùn: àwọn tí wọ́n jọ lọ, tí wọn kò bọ̀ ńkọ́? Ṣé Orí tiwọn sùn lọ́jọ́ náà ni?

Ìtàn Isaac Fadoyebo ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Emùré-Ilé ni, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n bí i. Ní ọdún 1942, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó wọṣẹ́ sójà lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láì gbàṣẹ lọ́wọ́ baba rẹ̀. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Wọ́n kó wọn gba orí òkun lọ sí Íńdíà, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà wọ Bọ́mà láti kojú àwọn ọmọ ogun Japan. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ sí ojú ogun yẹn, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní àfonífojì odò Kaladan tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn, Dífíṣọ̀n 81, gbà wọlé, igbó àti òkè ló kún ibẹ̀. Ẹrù ń bẹ lórí àwọn aláàárù, bàlúù ló sì ń ju oúnjẹ àti ọta sí wọn láti òkè.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan ba dè wọ́n létí odò náà. Ìbọn ba Fadoyebo lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn. Nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn kan kú níbẹ̀, àwọn mìíràn sá. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ló ṣẹ́kù nínú igbó, àwọn méjèèjì pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Àgbẹ̀ kan, Mùsùlùmí, tí ń jẹ́ Shuyiman ló ń gbé oúnjẹ àti omi wá fún wọn. Nígbà tó yá, ó kó wọn wọ ilé ara rẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò lábẹ́ ààbò àwọn ará ibẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Fadoyebo padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ọba ní iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ó bímọ, ó sì kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, lẹ́ni ọdún 86.

Odù tí a máa ń fi irú ìtàn yìí tì ni Ògúndá Méjì. N kò ní kì í níhìn-ín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà pé ta ló lè bá olùsìn rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò jíjìn, tó kọjá òkun, tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun lè lọ. Wọ́n bi í pé bó bá rìn títí tó dé Kòso, ilé baba rẹ̀, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n rokà fún un, tó jẹ àjẹyó ńkọ́? Ó ní òun yóò yà sílé òun ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bi Ọya nípa Ìrá, wọ́n bi Ògún nípa Ìrè, wọ́n bi Òrìṣà Ńlá nípa Ìfọ́n. Ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn fọ̀. Níkẹyìn, Orí nìkan ni Ifá sọ pé ó lè bá ènìyàn dé ibi tó ń lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pa ìwé dé, tí a ó ní nítorí náà, ẹni tó bọ̀ láti ogun, Orí rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bọ̀, tirẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ẹsẹ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ dé òpin. Ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí ni ojú oórì: bí ènìyàn bá kú, wọ́n lè kó ohun ìbọ rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n a kì í yọ orí kúrò lọ́rùn òkú kí a tó sin ín. Òkú gan-an ni Ifá fi ṣe ẹ̀rí pé Orí kì í kọ ẹni sílẹ̀. Orí àwọn tó ṣubú létí odò Kaladan bá wọn ròkun, ó sì wà pẹ̀lú wọn nínú erùpẹ̀ Bọ́mà. Ẹ̀mí gígùn Fadoyebo kò sọ wọ́n di olórí burúkú. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí mo mọ̀ pé ilé wà lónìí tí wọn kì í dárúkọ bàbá tó bá ogun Bọ́mà lọ, bí ẹni pé ìtìjú ni àìbọ̀ rẹ̀.

Kí ló wá mú ẹnìkan bọ̀? Ogbè Ògúndá là ń wò fún èyí. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń lọ yan Orí nílé Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ Orí: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú lọ, wọ́n he orí tó dára lójú, òjò sì fọ́ ọ mọ́ wọn lórí lọ́nà ayé. Afùwàpẹ́ yà lọ́dọ̀ baba rẹ̀, wọ́n dífá, wọ́n ní kó rúbọ, wọ́n sì fún un nínú iyọ̀ àti owó ẹbọ náà mú dání. Ó bá oníbodè lọ́nà, eérú ni bàbá yìí ń dà sọ́bẹ̀. Afùwàpẹ́ fi iyọ̀ sí i fún un. Nítorí iyọ̀ yẹn ni oníbodè fi mú un dé ilé Àjàlá, tó sì fi ọ̀nà hàn án láti san gbèsè tí Àjàlá torí rẹ̀ sá pamọ́ sí àjà. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá bá a yan Orí tó le. Orí rere tí gbogbo wa ń tọrọ, ọwọ́ àjèjì kan lẹ́nu bodè ló gbà dé ọ̀dọ̀ Afùwàpẹ́.

Shuyiman ni oníbodè inú ìtàn tiwa. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí babaláwo rò dáadáa. Afùwàpẹ́ ní iyọ̀ lọ́wọ́. Fadoyebo àti Kargbo kò ní nǹkan kan. Ẹni tó ń rá pálá nínú igbó kò ní ẹ̀bùn tí yóò fún ẹnikẹ́ni. Oníbodè ló fún arìnrìn-àjò ní iyọ̀. Bí ọwọ́ àwọn ará Japan bá tẹ Shuyiman, ẹ̀mí rẹ̀ àti ti àwọn ará ilé rẹ̀ lè bá a lọ. Ó mọ̀, ó sì ṣe é. Lójú tèmi, ẹbọ tó mú ire àìkú wá fún ọmọ Emùré-Ilé, Shuyiman ló rú u, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò sì mọ Ifá.

Ẹbọ tí ẹlòmíràn rú fún ni, gbèsè ni. Fadoyebo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìrántí rẹ̀, tí Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 1999, kò fi orúkọ Shuyiman pamọ́. Ní ọdún 2011, akọ̀ròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì wá àwọn ọmọ Shuyiman rí. Bàbá wọn ti kú. Ṣùgbọ́n Fadoyebo rí ojú àwọn ọmọ náà nínú fíìmù tí akọ̀ròyìn náà ṣe kí òun náà tó lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni Olódùmarè fi ọdún tó gùn tó bẹ́ẹ̀ fún un ṣe, n ó ní ó fún un láyè kó san díẹ̀ nínú gbèsè náà.

Ìyókù wà lọ́rùn wa. Rohingya ni Shuyiman. Òfin ọdún 1982 ní Bọ́mà kò ka àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́ ọmọ ìlú. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ogun ìjọba lé àwọn tó lé ní 700,000 nínú wọn sá wọ Bangladesh, inú àgọ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà títí di òní. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín bá ogun Bọ́mà lọ, ẹ bi àwọn àgbà tó kù nílé ní ìtàn rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí Nàìjíríà bá ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ẹ dárúkọ àwọn tó sùn sí Bọ́mà láì tijú. Bí ẹ bá sì gbọ́ orúkọ Rohingya lórí rédíò, ẹ má yí i kọjá: àwọn ni wọ́n gba ọmọ wa sílé.