Ẹjọ́ Aránkàn àti Ìbéèrè Ìdáríjì

Ẹjọ́ aránkàn ni ẹjọ́ ọ̀daràn tí ènìyàn kó bá ẹlòmíràn láìnídìí, nítorí kùnrùngbùn tó ní sí i. Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti àwọn abúlé oko kòkó tó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ tó láti bí i. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká aládùúgbò rẹ̀ lórí ilẹ̀ á gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, á ní ó yọ àdá sí òun, tàbí pé ó gé ẹyìn òun. Wọ́n á ti aládùúgbò náà mọ́lé, wọ́n á gbé e dé iwájú májísíréètì. Ọjọ́ ẹjọ́ á pé, ẹlẹ́rìí kò ní yọjú. Wọ́n á sún un síwájú títí adájọ́ á fi dá a sílẹ̀. Nígbà tó bá fi délé, owó lọ́yà ti jẹ owó kòkó tán, àwọn ọmọdé àdúgbò sì ti mọ̀ ọ́n sí ẹlẹ́wọ̀n.

Ṣé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pe ẹjọ́ tirẹ̀, àbí kó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run? Òwe tí wọ́n sábà fi ń dá a lẹ́kun ni pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Òwe náà kò purọ́, àfi pé etí tí wọ́n ń pa á sí kọ́ ló yẹ kó gbọ́ ọ. Ẹni tó kọ́kọ́ gba kóòtù lọ ló ti ta ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ wo ló tún kù nílẹ̀ tí ẹni tí wọ́n wọ́ lọ síbẹ̀ fẹ́ máa tọ́jú?

Àwọn ẹ̀sìn náà kò pàṣẹ pé kó dákẹ́. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 16, sọ pé wọ́n na Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní gbangba ní Fílípì, wọ́n sì jù wọ́n sẹ́wọ̀n láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn alákòóso ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Pọ́ọ̀lù kọ̀, ó ní kí àwọn tó tì wọ́n mọ́lé fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá mú wọn jáde. Kò béèrè kọ́bọ̀. Kùránì, Súrà 42, gbé ẹ̀san ẹni tó dárí jini sọ́dọ̀ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e ní kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tó gbèjà ara rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é níbi. Ẹ̀bùn ni ìdáríjì níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sin ín bíi gbèsè. Onísẹ̀ṣe ní tirẹ̀ ń fi irin búra ní kóòtù, nítorí náà ẹni tó bá purọ́ níbẹ̀ ti ṣẹ Ògún pẹ̀lú adájọ́.

Òfin ní tirẹ̀ le díẹ̀. Nínú ẹjọ́ Balogun àti Amubikahun, ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà ka ohun mẹ́rin tí olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn: pé ẹni tí òun pè lẹ́jọ́ ló ti òfin sí òun, pé ẹjọ́ àkọ́kọ́ parí sí ojú rere fún òun, pé kò sí ìdí tó mọ́gbọ́n dání fún un, àti pé aránkàn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin yìí ló ń dààmú onírònú, nítorí inú ni aránkàn ń gbé, ènìyàn kò sì rí inú ẹnìkejì rẹ̀. Ìwà ni kóòtù fi ń wá a: kí ni olùfisùn ń wá gan-an, ìdájọ́ ni àbí ilẹ̀? Ìkórìíra nìkan kò tó, torí ẹni tó kórìíra olè ṣì lè rí olè lóòótọ́. Àṣìṣe nìkan kò tó bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ni yóò gbójú láti fi ohunkóhun sun ọlọ́pàá?

Ti àhámọ́ yàtọ̀ sí èyí. Abala 35(6) nínú ìwé òfin 1999 fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìbófinmu ní owó gbà-má-bìínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba; àforíjì yìí sún mọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù béèrè. Ìlànà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 kò sì fi gbèdéke ọjọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba, bí ọlọ́pàá, lẹ́jọ́ aránkàn kò gbọdọ̀ fi falẹ̀, nítorí òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi oṣù mẹ́ta péré dí i lọ́nà. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò gbà lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù ni ẹ̀dà ìdájọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, tó lu òǹtẹ̀. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lè tọ Legal Aid Council lọ, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976, lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lójú.

Ìdájọ́ kóòtù lórí aránkàn kì í yanjú ààlà. Pẹ̀rẹ̀gún ààlà tó dá ìjà sílẹ̀ ṣì wà láàárín oko méjèèjì, àwọn àgbà ẹbí àti ààfin, ti Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, ti Arínjálẹ̀ ní Ìsẹ̀ tàbí ti Elémùré ní Èmùré, ṣì lè pe tọ̀tún tòsì jókòó lé e lórí.