Kí Àlùfáà Wo Ògiri: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn tí Ń Ra Ilé Titun

Ẹ̀kọ́ wa: Lefitiku 14, ẹsẹ 33 títí dé 53, Deuteronomi 22, ẹsẹ 8, Jeremiah 32, ẹsẹ 6 títí dé 15.



Agbára káká ni oṣù kan fi ń kọjá ní àgbègbè wa yìí, láti Mile 2 títí dé òpin Festac àti gbogbo Amuwo-Odofin, kí a má pe àwa ìránṣẹ́ Ọlọ́run wá gbàdúrà sí ilé titun kan. Ayọ̀ ni èyí jẹ́ fún wa. Ẹni tí ó ti ń san owó ilé fún ogún ọdún, tí ó ti kó ẹrù láti àdúgbò kan sí òmíràn, bí Olúwa bá sọ ọ́ di onílé, ó yẹ kí ìjọ bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù yìí àwa ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ tí kò dùn mọ́ wa lẹ́nu, nítorí tí ẹ̀bi rẹ̀ kan àwa tìkára wa.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ àti aya kan nínú ìjọ wa, olùkọ́ ni àwọn méjèèjì kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, fi owó ìfẹ̀yìntì wọn ra ilé titun kan ní Amuwo-Odofin. Ẹni tí ó kọ́ ọ tí ó sì tà á fún wọn jẹ́ ará, ẹni tí ó ń bá wa kúnlẹ̀ níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ọ̀dà ilé náà ń dán, ilẹ̀ rẹ̀ ń kọ mọ̀nà. Àwa wọ aṣọ oyè wa, a ka Ìwé Mímọ́, a gbàdúrà láti yàrá dé yàrá, a jẹ, a mu, a sì lọ sí ilé wa. Kí òjò Òkúdù tó parí, omi ti ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀ wá, ọ̀dà ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, ògiri sì ti là lókè ilẹ̀kùn dé ibi tí ọmọdé lè ti ìka bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n wá ìwé ilé náà jáde, rìsíìtì kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá náà wò wá, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé: “Baba, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn wa títí di òní.

EKINNI: Kí a wo ògiri.

Ẹ ṣí ìwé Lefitiku. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa fo orí kẹrìnlá kọjá, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀ kò kàn wá mọ́. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni Ọlọ́run gbé kọ́ Mose àti Aaroni bí a ti ń yẹ ilé wò. Nígbà tí onílé bá rí àbàwọ́n lára ilé rẹ̀, kí ó lọ sọ fún àlùfáà. Àlùfáà yóò kọ́kọ́ pàṣẹ kí a kó gbogbo ẹrù jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò wọlé láti wo ògiri, bóyá ó ní ibi tí ó jìn wọnú, tí ó dà bí àwọ̀ ewé tàbí tí ó pọ́n. Yóò ti ilé náà fún ọjọ́ 7, yóò sì padà wá wò ó. Bí àbàwọ́n bá ti ràn, a ó yọ òkúta wọ̀nnì, a ó họ ògiri, a ó sì tún un rẹ́. Bí ó bá tún padà, wíwó ni.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibi tí a gbé sọ fún àlùfáà pé kí ó kun ọ̀dà lé e lórí. Àwa sì ni àlùfáà tí ó wọlé, tí kò wo ògiri.

Ilẹ̀ wa níhìn-ín kì í ṣe ilẹ̀ òkè. Àbàtà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ rí, a sì da iyanrìn sí i kí a tó kọ́lé lé e. Ọ̀sà àti ojú àgbàrá wà nítòsí wa. Omi kò jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé wa. Bí bíríkìlà kò bá tẹ́ ọ̀rá tí ó nípọn sí orí ìpìlẹ̀ kí ó tó to búlọ́ọ̀kù, omi yóò máa fà gòkè nínú ògiri bí epo ti ń fà nínú òwú àtùpà. Bí a kò bá sì fún iyanrìn tí a dà ní àkókò kí ó kì, ìpìlẹ̀ yóò rì ní apá kan, kò ní rì ní apá kejì, ògiri yóò sì là. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ ra ilé, kí ó lọ wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: lọ́sàn-án, lálẹ́, àti lẹ́yìn òjò ńlá ti Òkúdù tàbí ti Agẹmọ, nígbà tí ojú ọ̀nà yóò fi ara rẹ̀ hàn. Kí ó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri. Kí ó ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, kí ó da omi sí gbogbo ilé ìwẹ̀, kí ó wò ó bóyá ó ń lọ tàbí ó ń dúró. Kí ó gbé ojú sókè wo àjà, bóyá omi ti fi àmì pupa sí i. Kí ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ tí a fi táìlì tẹ́. Ibi tí ó bá ń dún bí ìlù, òfìfo wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ó bu omi kànga sínú ife funfun, kí ó sì jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Nítorí pé ọ̀pọ̀ omi àdúgbò wa a máa pọ́n nítorí irin tí ó wà nínú rẹ̀.

Kí a má sì ṣe àìṣòdodo sí àwọn kọ́lékọ́lé. Kò sí ilé titun tí kò ní àlébù kékeré. Sìmẹ́ǹtì a máa fà bí ó ti ń gbẹ, a sì máa fi ìlà tín-ín-rín bí irun hàn lára ògiri. Pákó ilẹ̀kùn a máa wú lákòókò òjò. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà tí ó dábùú láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tí ó ń fẹ̀ sí i lóṣooṣù, ẹ̀tẹ̀ ni. Kí òǹrà àti òǹtà kọ ọ́ sínú ìwé, kí owó tó kúrò lọ́wọ́, pé ohun tí ó bá yọ jáde láàrin oṣù 6 tàbí ọdún kan, ẹni tí ó kọ́ ilé ni yóò tún un ṣe. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, ìjà ni ó ń dà.

EKEJI: Kí a má mú ẹ̀jẹ̀ wá sórí ilé wa.

Nínú Deuteronomi, Ọlọ́run fi òfin lélẹ̀ fún ẹni tí ó kọ́ ilé titun: kí ó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ má baà wà lórí ilé náà. Ẹ̀yin kọ́lékọ́lé, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ ń jókòó nínú ilé Ọlọ́run, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹni tí ó dín irin kù nínú òpó, tí ó fi iyanrìn púpọ̀ lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀, tí ó fi àjà kẹta lé ilé tí a gba àṣẹ àjà méjì fún, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ bí ilé náà kò tilẹ̀ tíì wó.

A kò ní í gbàgbé ọjọ́ kìíní oṣù Bélú ọdún 2021, nígbà tí ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ikoyi, wó lulẹ̀, tí ó sì pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n wá oúnjẹ òòjọ́ lọ wà lára wọn.

Nítorí èyí ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi yan àwọn tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ ilé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ lórí pùláànù rẹ̀. Bí ó bá sì ti parí, Lagos State Building Control Agency ni ó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí pé ilé náà parí, pé ènìyàn sì lè gbé inú rẹ̀. Ìwọ tí ó fẹ́ ra ilé titun, bèèrè ìwé méjèèjì. Bí òǹtà bá bínú sí ìbéèrè rẹ, ìbínú rẹ̀ ti dá ọ lóhùn.

ẸKẸTA: Kí a ra ilé bí Jeremiah ti ra oko.

Wòlíì Jeremiah wà nínú túbú, ogun Babiloni sì ti yí Jerusalemu ká, nígbà tí Hanameli, ọmọ arákùnrin baba rẹ̀, wá ta oko Anatoti fún un. Ẹ wò ó: ẹbí rẹ̀ ni, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ Jeremiah wọn ṣékélì fàdákà 17 lórí ìwọ̀n, ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó pe ẹlẹ́rìí, ó sì fi ìwé méjèèjì, èyí tí a dì àti èyí tí a ṣí sílẹ̀, lé Baruku lọ́wọ́ láti fi sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. Ìgbàgbọ́ kò mú un kọ ìwé sílẹ̀; ìgbàgbọ́ ni ó mú un tọ́jú ìwé.

Ṣùgbọ́n láàrin wa, bí ẹnìkan bá béèrè ìwé, a ó wí pé: “Ará ni wá nínú Olúwa, ṣé o kò fọkàn tán mi ni?” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún àwọn olùkọ́ wa méjì nì. Ojú tì wọ́n láti bi ará ìjọ léèrè. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa: béèrè ìwé kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kíkọ̀ láti fi ìwé hàn ni ó lòdì sí ìfẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sì rántí ìtàn ilẹ̀ tí a ń gbé. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ Festac, ilé tí ó ju 5,000 lọ, fún àwọn àlejò tí wọ́n wá sí àjọ̀dún ńlá ti àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún náà ni a pín ilé wọ̀nyí fún àwọn ará ìlú. Federal Housing Authority ni ó ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu alágbàtà tàbí ti ọmọ onílẹ̀ ni ó lè sọ ẹnìkan di onílé níbẹ̀. Ní ọdún 2023 a fi àmì wíwó sára ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ní Festac, pé àwọn tí ó kọ́ wọn kò gba àṣẹ tí ó tọ́. Ó yẹ kí ọkàn wa gbọgbẹ́ fún àwọn tí ó ti ná gbogbo owó wọn, tí wọ́n sì jí láàárọ̀ rí ọ̀dà pupa lára ògiri.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rà, kí ó gba agbẹjọ́rò tirẹ̀, kì í ṣe ti òǹtà. Kí agbẹjọ́rò náà yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ti FHA, ìbáà ṣe ti ìpínlẹ̀ ní Alausa. Kí wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ yẹ ìwé sọ́fè wò, kí ó mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Láti ìgbà Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà ní ìkáwọ́ Gómìnà fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Bí a bá ti ra ilé tán, a ṣì ní láti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ sí títà náà, bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ FHA, a ní láti gba ti FHA. Owó ni ìwọ̀nyí ń gbà. Olúwa wa ti kọ́ wa nínú Ìhìnrere Luku pé kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Kí ẹ ṣírò ti ìwé mọ́ ti ilé.

Ǹjẹ́ nísinsin yìí, kí ni àwa yóò ṣe? Àwa ti pinnu níwájú Ọlọ́run pé a kì yóò tún gbàdúrà sí ilé kan tí a kò béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ pè wá kí ẹ tó san owó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ nìkan. Àwa kì í ṣe ẹnjiníà, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi ẹnjiníà, agbẹjọ́rò, àti wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ jíǹkí ìjọ wa. Àwa yóò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín wò ó, bí wọ́n ti ń fi ohùn wọn kọrin sí Olúwa.

Àwọn olùkọ́ wa méjì nì ṣì wà nínú ilé náà. Bí òjò bá ṣú, wọn a gbé àwọn ìwé àtijọ́ wọn kúrò lẹ́bàá ògiri. Ẹni tí ó tà á fún wọn ti lọ sí ìjọ mìíràn. Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ̀, àwa ń bẹ̀ ẹ́ kí ó rántí Sakeu, ẹni tí ó dìde dúró tí ó sì ṣèlérí ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí ó rẹ́ jẹ. A kò béèrè ìlọ́po mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó wá tún ìpìlẹ̀ náà ṣe, kí ó sì mú ìwé wá. Ilẹ̀kùn ìjọ kò tì sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ilé nì kò tì sí i; ìyá náà ni ó ní kí a sọ bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí gbogbo làálàá kọ́lékọ́lé jẹ́ asán láìsí i, kí ó ṣọ́ gbogbo ilé yín, kí ó fún òǹtà ní òtítọ́ àti òǹrà ní ọgbọ́n. Kí ó sì mú wa dé ilé nì tí a kò fi ọwọ́ kọ́, nípa Jesu Kristi Olúwa wa. Àmín.