Ta Ni Sàká Tọ́ Sí?

 Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní mọ́sáláṣí kan ní Ojota níbí tí kò kúrò lọ́kàn wa. Ìrẹsì tí a fi owó sàká rà la fẹ́ pín. Nígbà tí ó kan ọmọkùnrin kan láti orílẹ̀-èdè Niger, tí ń fi ọmọlanke gbé omi kiri tà, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní: "Ti ọmọ ìlú ni èyí. Kí ó lọ gba tirẹ̀ nílùú wọn." Wọ́n fa igi lé orúkọ rẹ̀. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní kéwú wà níbẹ̀, a kò sọ̀rọ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n bí sí Kumasi wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Òun náà dákẹ́. Ọ̀pọ̀ yín ló ń gbọ́ "ará Gánà" láìmọ ìtàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Àwọn ènìyàn wa láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ìnísà fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi owó tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ oníbàárà sílẹ̀, wọ́n kó ọmọ wá sí ìlú tí ọmọ kò dé rí. Wọ́n délé tán, a sọ wọ́n di ará Gánà.

Kò tíì pé ọdún 14 lẹ́yìn náà tí ó kan àwa. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shagari lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀, ìdìbò sì ń bọ̀. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù. Báàgì tí wọ́n di ẹrù sí ni à ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Ó kún gáréèjì Ojota, ẹ̀rín la sì fi ń pè é.

Ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tó wọ̀lú, a kò jiyàn. Ẹni tó bá jalè, kí òfin mú un. Ṣùgbọ́n sàká kì í ṣe ọrẹ tí à ń ta ẹni tó wù wá. Nínú Suratu Tawba, áyà 60, Ọlọ́hun ti la ọ̀nà mẹ́jọ tí à ń ná an sí: aláìní wà níbẹ̀, ọmọ ojú ọ̀nà, ibn as-sabil, náà wà níbẹ̀. Wọ́n lè ní ọmọ yìí ti pẹ́ ní Ojota, kì í ṣe arìnrìn-àjò mọ́. Ó dára. Bí kì í bá ṣe arìnrìn-àjò, a jẹ́ pé ará àdúgbò ni, aláìní àárín wa ni. Èwo nínú méjèèjì la fi lé e? Ìrẹsì yẹn kì í ṣe tiwa tí a fi ń ṣahun. Tirẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé nítorí ó ń kírun ni. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ sá kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Habasha, ní nǹkan bí ọdún 615, Onígbàgbọ́ ni Najashi ọba ibẹ̀. Àwọn Kùráéṣì fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i pé kí ó dá wọn padà. Ó ní kí àwọn àlejò kọ́kọ́ sọ tẹnu wọn. Jafar ọmọ Abu Talib sọ̀rọ̀. Ọba gbọ́ tán, ó dá ẹ̀bùn padà, ó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun kan.

Ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó kí ààwẹ̀ tó wọlé. A ti lọ bá bàbá tí wọ́n bí sí Kumasi nílé; wọ́n ní àwọn yóò sọ̀rọ̀, àwa náà yóò sọ tiwa. Ọmọkùnrin náà ṣì ń gbé omi wá sí ilé-kéwú wa ní àràárọ̀. Ó máa ń kí wa. Ojú rẹ̀ ni a kò tíì lè wò.